Níbo Ni Kí A Kó Àwọn Ọmọ Lọ Jẹun?

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Bí ó bá dà bí ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ lójú yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin.

Iṣẹ́ mi ni láti máa bẹ àwọn ìdílé wò, kí n mọ bí nǹkan ṣe ń lọ sí fún òbí àti ọmọ. Láìpẹ́ yìí, iṣẹ́ náà gbé mi dé ilé àwọn ará wa kan ní Billbrook, ní apá ìlà-oòrùn Hamburg. Mo ti yí díẹ̀ padà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ nípa wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Ẹni tí ó bá mọ Billbrook yóò mọ̀ pé àdúgbò ilé iṣẹ́ ni: ilé ìkẹ́rùsí lọ́tùn-ún, ọgbà ọkọ̀ akẹ́rù lósì, ilé iṣẹ́ amúnáwá Tiefstack níwájú, àti odò Bille tí ó ń ṣàn lọ jẹ́jẹ́ láàárín wọn. Àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bàbá ilé tí mo ń wí yìí ń kó ẹrù lóru, ìyá sì ń tún ọ́fíìsì ṣe ní ìdájí. Ọmọ wọn ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 11, Hamburg ni wọ́n sì bí i sí.

Mo bi ọmọ náà léèrè pé, "Níbo ni o fẹ́ràn jù ní Hamburg?" Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè náà yé. Ó ní, "Ẹ̀yin Àǹtí, Hamburg kọ́ ni àwa ń gbé. Billbrook ni. Àwọn tí ó lówó ni ó ni Hamburg."

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé. Láti ibùdókọ̀ Tiefstack, ọkọ̀ ojú irin kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú 15 kí ó tó dé àárín ìlú. Síbẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí sínú ìlú kan gbà pé òun kì í ṣe ara ìlú náà. Nígbà tí mo bi bàbá rẹ̀ bóyá wọ́n máa ń jáde, ó ní láti ọdún 14 tí òun ti dé, òun kò tí ì jókòó jẹun nínú ìlú rí, àfi búrẹ́dì tí òun ń jẹ lórí ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Imbiss àwọn awakọ̀ akẹ́rù. Ó ní, "Àwa kò wá jayé. Iṣẹ́ ni a wá ṣe."

N kò dá bàbá náà lẹ́bi. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó yẹ kí á mú àwọn ọmọ wa jáde lọ jókòó jẹun nínú ìlú tí à ń gbé. Kì í ṣe fàájì lásán. Apá kan ni nínú ẹ̀kọ́ ilé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọ́n á ní ọmọ tí a kọ́ re kì í jẹun kiri. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí ilé. Ta ni nínú wa ni kò jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn ìyá tí ń polówó káàkiri ní àárọ̀? Ta ni kò mọ búkà kan tí òun lè fi ọwọ́ rẹ̀ sọ̀yà? Bí àlejò bá dé Ìbàdàn tí kò jẹ àmàlà, ṣé a ó gbà pé ó dé Ìbàdàn? Jíjẹun níta kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí a sọdá òkun ni a fi í sílẹ̀, nítorí owó, nítorí àárẹ̀, àti nítorí pé a rò pé tábìlì ìlú yìí kì í ṣe tiwa.

Bẹ́ẹ̀, a ti ní ìpín lórí tábìlì yìí kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gba fisà. Láti bí ọdún 1850 ni ilé iṣẹ́ O'Swald ti Hamburg ti ń ṣòwò ní Èkó, ilé iṣẹ́ Gaiser sì tẹ̀ lé e. Èkùrọ́ ni wọ́n ń wá. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1914, Jámánì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú èkùrọ́ Nàìjíríà ń lọ, èbúté Hamburg ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń gbà wọlé. Wọ́n ń fún un ní àwọn ilé iṣẹ́ òróró ní Harburg. Àdín tí ó jáde nínú rẹ̀ di ọṣẹ àti màjarínì tí wọ́n ń fi pa búrẹ́dì, háhá rẹ̀ sì di oúnjẹ màlúù tí ń fún wọn ní wàrà. Àwọn ìyá ìyá wa ni ó jókòó sí ìdí òkúta tí ó ń pa èkùrọ́ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá mọ ìtàn yìí kò ní í sọ pé àwọn olówó nìkan ni ó ni Hamburg.

Níbo wá ni kí á kó wọn lọ? Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ díẹ̀ nínú àwọn ibi tí mo mọ̀.

Èkíní ni Fischmarkt, ọjà ẹja tí ó wà létí odò Elbe ní Altona. Láti ọdún 1703 ni wọ́n ti fàṣẹ sí i pé kí á máa ná an ní ọjọ́ Ìsinmi, kí ó sì parí kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Títí di òní, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń ná an: láti agogo 5 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti agogo 7 nígbà òtútù, títí di agogo 9 ààbọ̀. Ẹ ra Fischbrötchen fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn búrẹ́dì kékeré tí wọ́n fi ẹja há láàárín, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìpolówó. Ẹ óò gbọ́ àwọn ọkùnrin tí ń pariwo ẹja àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn láti orí ọkọ̀, tí wọ́n ń bú oníbàárà ṣeré, tí wọ́n sì ń fi ènì kún ọjà. Ẹni tí ó bá ti ná ọjà Ọjẹ́ tàbí Mushin rí yóò rò pé òun ti délé. Ìdílé tí ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yóò sì tún bá ìsìn.

Èkejì ni Oberhafenkantine, ilé bíríkì kékeré kan tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1925 sẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ńlá. Ilé náà ti ṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì máa ń pa àwọn ọmọdé lẹ́rìn-ín. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Kaffeeklappe, ibi tí àwọn alágbàṣe èbúté ti ń rí kọfí gbígbóná àti oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú, kí wọ́n má baà fi ọtí mú ara gbóná. Bàbá tí ó ń kó ẹrù ní Billbrook lè jókòó níbẹ̀ kí ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Àwọn tí ó ṣe irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni wọ́n kọ́ ilé yìí fún." Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gbé orí ọmọ sókè.

Ẹ̀kẹta ni Deichstraße, létí omi Nikolaifleet. Òpópónà yìí ni iná ńlá ọdún 1842 ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi jó, ó sì run bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìlú àtijọ́. Díẹ̀ nínú àwọn ilé oníṣòwò ìgbà náà ṣẹ́ kù níbẹ̀, àwọn ilé oúnjẹ sì wà nínú wọn. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i: lẹ́yìn iná yẹn ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn arìnrìn-àjò ń wá wò ní àárín ìlú. Bí owó kò bá tó láti jẹun tán níbẹ̀, ẹ ra Franzbrötchen, ìpápánu olóloorun tí ó jẹ́ ti Hamburg gan-an, kí ẹ sì jẹ ẹ́ létí omi.

Ẹ̀kẹrin wà ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Michel. Àwọn ilé kéékèèké kan wà níbẹ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn alátẹ kọ́ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún fún àwọn opó ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn, mo máa ń fi ibẹ̀ han àwọn ènìyàn wa pé ìtọ́jú opó kì í ṣe ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ní òdìkejì ṣọ́ọ̀ṣì náà ni Old Commercial Room wà, tí ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1795. Owó ibẹ̀ kò kéré, ẹ jẹ́ kí ó di ti ọjọ́ ìbí tàbí ti ìgbà tí ọmọ bá yege. Ẹ ní kí wọ́n gbé Labskaus wá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Labskaus, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Oúnjẹ atukọ̀ ni. Ẹran oníyọ̀ ni wọ́n gún pọ̀ mọ́ ànàmọ́ àwọn òyìnbó, ó pọ́n rúsúrúsú, wọ́n á gbé ẹyin díńdín lé e lórí, wọ́n á fi ẹja kíkan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ tèmi kọ́kọ́ rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dà bí ohun tí ẹnìkan ti jẹ kù. Mo sọ fún wọn pé, "Ẹ wò ó dáadáa. Ojú rẹ̀ kò dára, àbí? Síbẹ̀, àwọn ará Hamburg ń fi í yangàn fún àlejò." Ọmọ mi àgbà dákẹ́. Nígbà tí ó ṣe, ó sọ fún mi pé ní ilé ìwé, wọ́n ti fi ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí mo dì fún òun ṣe yẹ̀yẹ́, láti ìgbà náà ni òun sì ti ń jẹ oúnjẹ òun nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni ọmọ yìí fi ń jẹun nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, èmi tí mo ń bá ọmọ ọlọ́mọ sọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ kò mọ̀. Ìdí àwo Labskaus ni mo ti gbọ́.

Ẹ̀yin òbí, oúnjẹ gbogbo ènìyàn ni ó ṣàjèjì lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó ń gbéraga nípa tirẹ̀ kọ́ ọ níbìkan ni, lọ́dọ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé e síwájú rẹ̀ láìtijú. Bí ọmọ bá rí i pé àwọn onílé kò tijú oúnjẹ tiwọn, kò ní í tijú ti wa. Bí kò bá jókòó ti onílé rí, níbo ni yóò ti rí i?

Ẹ̀karùn-ún ni àdúgbò àwọn ará Potogí, nítòsí Landungsbrücken, ní òpópónà Ditmar-Koel-Straße. Ní ọdún 1964 ni Jámánì bá Potogí ṣe àdéhùn láti gba àwọn òṣìṣẹ́, bí ó ti bá Tọ́kì ṣe é ní ọdún 1961. Àwọn tí wọ́n pè wá kó ẹrù ní èbúté ni ó jókòó, tí wọ́n ń dín ẹja, tí wọ́n ń yan àkàrà òyìnbó oníwàrà tí wọ́n ń pè ní nata. Lónìí, gbogbo Hamburg ni ó ń lọ jẹun lọ́dọ̀ wọn. Ohun tí àlejò jẹ láàárín ara rẹ̀ lánàá ti di oúnjẹ ìlú.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti dàgbà tó, ẹ mú un dé Schmuckstraße ní St. Pauli pẹ̀lú. Àwọn ará Ṣáínà tí ó jẹ́ atukọ̀ ni ó ní ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ láti àwọn ọdún 1920. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1944 ni àwọn Gestapo kó bí 130 nínú wọn, wọ́n fìyà jẹ wọ́n, àwọn mìíràn sì kú. Àdúgbò náà kò padà bọ̀ sípò mọ́. Ọmọ tí ó gbọ́ èyí yóò mọ̀ pé àyè lórí tábìlì kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, àti pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àwọn aládùúgbò wà lára ohun tí ó pa á run.

Bí Berlin ni ẹ ń gbé, ẹ̀yin náà kò gbọ́dọ̀ jókòó sílé. Zur letzten Instanz wà ní Waisenstraße, ìtàn rẹ̀ sì dé ọdún 1621. Konnopke's Imbiss ti wà ní Prenzlauer Berg láti ọdún 1930. Ní Charlottenburg ni Herta Heuwer ti kọ́kọ́ po ọbẹ̀ currywurst ní ọdún 1949, nígbà tí ìlú ṣì wà nínú àwókù ogun. Obìnrin kan tí ó wá nǹkan díẹ̀ pò pọ̀ nínú ìṣòro ni ó sọ ara rẹ̀ di ìtàn. Ìyá wo nínú wa ni kò tíì ṣe irú rẹ̀?

Ẹ má sì gbàgbé tiwa. Ní St. Georg, ní agbègbè Steindamm, oúnjẹ àwọn ará Tọ́kì, Afuganísítáànì àti Áfíríkà wà nítòsí ara wọn. Ẹ má ṣe fi búkà wa sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin tí ń wo bọ́ọ̀lù nìkan. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n pe ọ̀rẹ́ wọn kan láti ilé ìwé. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ilé oúnjẹ Chishuru ní London, tí Adejoké Bakare, ọmọ Nàìjíríà, ń dáná rẹ̀, gba ìràwọ̀ Michelin. Òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ sọ èyí fún ọmọ tí ó bá ń fi ìdérí bo àwo rẹ̀.

Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ wí nípa owó. Mo mọ̀ pé kò sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹja inú búrẹ́dì, tí n kò bẹ̀rẹ̀ láti ilé oúnjẹ ńlá. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Hamburg ń wọ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà owó ọkọ̀ ọmọ kì í ṣe àwáwí mọ́. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni mo wí. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní, ṣùgbọ́n ìdílé mẹ́ta lè da owó pọ̀.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí wa, ẹ béèrè kí ẹ tó jẹ. Schwein, Speck àti Schmalz ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ọmọ mọ̀ lórí ìwé oúnjẹ. Ẹja pọ̀ ní Hamburg, kò sí ẹni tí yóò pa ebi mọ́nú. Kí gbogbo wa sì mọ̀ pé omi kì í ṣe ọ̀fẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, pé wọn yóò bi wá ní ìparí bóyá a ó san owó pọ̀ tàbí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àti pé ó dára kí á fi díẹ̀ lé e fún ẹni tí ó gbé oúnjẹ wá.

Nípa ti ojú tí wọ́n ń wò wá, n kò ní í purọ́ fún yín. Ní ilé oúnjẹ kan tí n kò ní í dárúkọ, wọ́n fi èmi àti àwọn ọmọ mi sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, wọ́n ń dá àwọn tí ó dé lẹ́yìn wa lóhùn. Mo dìde, mo sọ ohun tí mo rí fún ọ̀gá ibẹ̀ ní ohùn pẹ̀lẹ́, a sì jáde lọ jẹun níbòmíràn. Òfin wà lórí irú ìwà bẹ́ẹ̀, AGG ni wọ́n ń pè é, láti ọdún 2006. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọ mi kọ́ lọ́jọ́ náà ju òfin lọ: wọ́n rí i bí àgbàlagbà ṣe ń gbé ara rẹ̀ níyì láìjà. Ó sàn kí wọ́n kọ́ ọ níṣojú wa ju kí wọ́n bá a pàdé láwọn nìkan.

Ohun kan ṣì kù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni ó ń ṣe ògbufọ̀ fún wa ní ọ́fíìsì, ní ilé ìwòsàn, níwájú onílé tí ó ń béèrè owó. Ẹrù wúwo ni fún ọmọdé, nítorí ìdààmú wa ni ó ń tú sí èdè mìíràn. Ẹ jẹ́ kí ó fi ẹnu kan náà pàṣẹ oúnjẹ fún yín nígbà kan, níbi tí ohun tí ó burú jù tí ó lè ṣẹlẹ̀ kò ju pé kí wọ́n gbé ẹja wá dípò adìyẹ. Ẹ̀yin náà, ẹ bá a sọ Yorùbá níbẹ̀, ẹ má sì rẹ ohùn yín sílẹ̀.

Bàbá Billbrook yẹn gbọ́ ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú iyèméjì. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bí ó ti ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, ó gba ilé mú ọmọ rẹ̀, wọ́n lọ sí ọjà ẹja. Nígbà tí mo tún débẹ̀, ọmọ náà ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ọkùnrin ẹlẹ́ja kan wà níbẹ̀ tí ó ń pariwo bí ìyá àgbà òun ṣe ń pariwo lórí fóònù, àti pé bàbá òun rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀yin Àǹtí, ṣé ẹ mọ ibẹ̀? Ní ìlú wa níbí ni."

Ẹ̀yin òbí wa, ọjọ́ Ìsinmi mìíràn ń bọ̀. Ẹ jí àwọn ọmọ, ẹ wọ bàtà fún wọn, kí ẹ jáde. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Àṣẹ.